Ọwọ́ Àárọ̀ ní Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Rájù

Òórùn ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀, kó tó kan ọmọbìnrin tó ń nu ilẹ̀. Bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn gíláàsì ilé ìtajà àwọn ará Éṣíà tó wà létí ọ̀nà àwọn tírélà ní Ìsọlọ̀, òórùn náà fò mọ́ mi bí ajá tó rí ẹni tó ni ín lẹ́yìn ìrìnàjò. Tùràrí ń jó níwájú àwòrán òrìṣà wọn. Ata gígún wà nínú òórùn náà, atalẹ̀ pupa wà níbẹ̀, àti èso kékeré aláwọ̀ ewé kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá títí di òní. Káádámọ̀n ni wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Pẹ̀lú orí pípá mi àti awò ojú mi, mo di ọmọ ọdún mẹ́jọ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí bó ṣe máa ń bà mí nígbà náà tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀.

Màá ṣàlàyé ẹ̀rù náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Bísí, tó ń ta oúnjẹ inú agolo, ọṣẹ àti ohun èlò ilé ní Mafolúkù, ló pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. A ti sọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀ tán, a ti sọ ti àwọn ọmọ mi tó wà lókè òkun, ló bá ní, "Ṣé o rántí súùtì Ìyá Rájù? Ó ń wù mí jẹ." Nǹkan kì í sábà wu ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà tí mo ti ń gba owó oṣù ni mo ti ń bi í pé kí ni kí n rà fún un, ìdáhùn rẹ̀ kò sì yí padà rí: "Kò sí. Ìwọ ṣáà máa tọ́jú ara rẹ." Ìdáhùn yẹn máa ń dùn mí ju kó béèrè mọ́tò lọ. Nítorí náà, nígbà tó dárúkọ súùtì, mo ti mọ̀ pé n ó rí i, bó jẹ́ ìsàlẹ̀ kànga ló wà.

Ilé ìtajà yìí kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń ná ọjà o. Iye owó ti wà lára ohun gbogbo, bí orúkọ ṣe ń wà lára sàréè. Ìrẹsì tó gùn bí abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, àti omi ọbẹ̀ dúdú inú ìgò, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa ń dà sórí oúnjẹ gbogbo báyìí kí a lè mọ̀ pé àwọn ti wọ bàálù rí. Wàrà sóyà tí àwọn obìnrin ń dín tà létí títì náà wà níbẹ̀ nínú páálí. Ó ti gba orúkọ mìíràn, owó rẹ̀ sì ti gòkè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Mo rò pé aago mẹ́wàá ti pẹ́ tó fún èmi tí kì í wọ ṣọ́ọ̀bù lówùúrọ̀, ṣùgbọ́n mi ò rántí pé àwọn tó ń jẹ irú oúnjẹ yìí kì í tètè jí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Èmi nìkan ni oníbàárà. Mo rọra yí padà.

"Dádì, ibo lẹ ń lọ?" Ọmọbìnrin tó ń nu ilẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Tóyìn ni wọ́n kọ sí àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Mò ń bọ̀. Mo gbàgbé nǹkan sínú ọkọ̀."

"Háà, Dádì, ẹ má ṣe wá bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀ yìí. Màdáámù wa ò fẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ òfìfo rárá. Kó jẹ́ ìṣáná, ẹ ra nǹkan."

Mo wo ìdí ibi tí wọ́n ti ń sanwó. Obìnrin ará Íńdíà kan jókòó síbẹ̀, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀. Mo mọ ìwò yẹn. Nínú ìwò yẹn ni wọ́n ti tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dàgbà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi fóònù ra ọjà, ẹ lè má mọ ohun tí à ń pè ní ọwọ́ àárọ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Ìsọlọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ ra ọjà lọ́wọ́ onísọ̀ ló ń pinnu bí ọjọ́ yóò ṣe rí. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dáa, ọjà á tà wàràwàrà. Bí ọwọ́ rẹ̀ ò bá dáa, kí onísọ̀ ká ẹní rẹ̀, kó lọ sùn. Wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí. Wọ́n kàn máa ń dán ọ wò lẹ́ẹ̀kan, oyè tí wọ́n bá sì fi ọ́ jẹ lọ́jọ́ náà ni wàá jẹ títí.

Inú ilé kan tí àwọn yàrá rẹ̀ kojú síra wọn bí ẹni ń jà là ń gbé. Ìkìrun ni bàbá mi ti wá ṣiṣẹ́ nínú mílì aṣọ, ó máa ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ní ọ̀sẹ̀ kan, a sì máa ṣe é lóru ní ọ̀sẹ̀ kejì, débi pé àwa ọmọ mọ ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ibùsùn ju ojú rẹ̀ lọ. Màámi ń ránṣọ. Àjákù aṣọ láti ọjà Aṣwáàní ló fi máa ń rán ti wa, ìdí nìyẹn tí apá ẹ̀wù mi méjèèjì kò fi bára mu rí. Ní iwájú ilé, Ìyá Ṣadé ń ta kẹrosíìnì, iyọ̀ àti ìṣáná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Màámi rán mi lọ ra iyọ̀ lọ́wọ́ Ìyá Ṣadé. Èmi ni mo kọ́kọ́ rajà. Mi ò tíì délé tán tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, ó sì rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí ẹni tó jáde, kò sí ẹni tó rajà, àfi ewúrẹ́ kan tó sá sábẹ́ páànù Ìyá Ṣadé tó sì jẹ páálí ìṣáná rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló rí òjò náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni wọ́n dá lẹ́bi. Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá Ṣadé bá rí mi láàárọ̀, á na ọwọ́ síwájú bí ọlọ́pàá ojú pópó: "Ọkọ mi, jọ̀ọ́, òdìkejì títì ni kó o gbà. Tó bá di ọ̀sán, máa bọ̀, màá fún ẹ ní súgà."

Ti Bísí yàtọ̀. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ Ìyá Ṣadé, ọkọ̀ tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ mílì bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru bà jẹ́ síwájú ìsọ̀ náà gan-an. Àwọn ọkùnrin tí ebi ń pa sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì ra ohun gbogbo tó wà níbẹ̀, títí kan àwọn agolo tó ti ń dípẹtà. Ẹ́ńjìnnì ló bà jẹ́, ọwọ́ Bísí ni wọ́n yìn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn onísọ̀ ti ń wá sí yàrá wa kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. "Ìyá Bísí, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ mi." Inú Màámi ń dùn, ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn? Á fún Bísí ní kọ́bọ̀ díẹ̀, Bísí á sì máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ bí bíṣọ́ọ̀bù tó ń bùkún ilé, á ra ìṣáná níbí, á ra abẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún, wọ́n á sì máa fi ènì kún un.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí. Nítorí pé ẹnikẹ́ni ò fẹ́ rí mi láàárọ̀, kò sí ibòmíràn tí mo lè lọ ju ilé ìwé. Èmi ni mo máa ń débẹ̀ ṣáájú ẹni tó ń ṣí géètì. Mo jókòó síwájú nínú kíláàsì, mo rí pátákó dáadáa, àwọn tíṣà sì rò pé mo fẹ́ràn ìwé. Bísí ní tirẹ̀ máa ń dé nígbà tí wọ́n bá ti ti géètì, wọ́n á ní kó kúnlẹ̀ tàbí kó lọ gé koríko pẹ̀lú àwọn tó pẹ́. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Òun ló kọ́ mi ní ìṣirò lórí ẹní wa. Láràárọ̀, á bá mi dé ìkòríta, á tún kọ́là mi ṣe, á ní, "Máa lọ sílé ìwé, má pẹ́ o." Lẹ́yìn náà, á yà sí apá ọ̀dọ̀ àwọn ìsọ̀.

Ìyá Rájù ni ìparí ibi tó máa ń yà. Ará Íńdíà ni, ọkọ rẹ̀ jẹ́ ẹnjiníà nínú mílì bàbá mi. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí àwọn ilé iṣẹ́, níbi tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ti ń ra ìrẹsì, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ àti ata wọn. A ò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, a ò sì béèrè. Ó ní ọmọkùnrin kan, Rájù, tí òun àti èmi jọ ń ta gbọ́ọ̀lù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni orúkọ Ìyá Rájù ti wá. Èdè kan ò fi bẹ́ẹ̀ pa òun àti àwọn ìyá wa pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọwọ́ àárọ̀ yé wọn bí ẹni pé inú àgbàlá kan náà ni wọ́n dàgbà sí. Tiwọn náà wà nílé wọn, bóní ni mo máa ń gbọ́ tó ń pè é. Ìyá Ṣadé máa ń fi owó àkọ́kọ́ gbá ọjà rẹ̀ kiri. Ìyá Rájù máa ń gbé tirẹ̀ kan iwájú orí, á wá fi han òrìṣà rẹ̀ nínú èéfín tùràrí. Bísí á ra ìṣáná, Ìyá Rájù á sì fi súùtì onímílíìkì kan ṣe ènì, funfun, rírọ̀, pẹ̀lú èso aláwọ̀ ewé yẹn nínú rẹ̀. Bísí kì í jẹ ẹ́ tán. Á dá a sí méjì, á fi ìdajì tèmi sínú bébà, ó di ìgbà tí mo bá ti ilé ìwé dé.

Báyìí ni a ṣe dé ọjọ́ ìdánwò àṣewọlé ilé ìwé girama. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ní ilé ìwé kan ní Òṣòdì. Ọjọ́ náà ni Ìyá Rájù sì fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun, tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lójú títì. Ó ti bẹ Màámi pé ọwọ́ Bísí lòun fẹ́. Màámi ò sọ fún un pé ìdánwò wà. Ó ní, "Kò ní pẹ́. Kó kàn ra ìṣáná, kó máa sáré lọ." Ṣùgbọ́n àwọn ará Íńdíà náà ní àkókò rere tiwọn, wọ́n ní ó di ìgbà tí oòrùn bá dé ibì kan kí wọ́n tó lè ta nǹkan. Bísí jókòó lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù tuntun náà nínú yúnífọ́ọ̀mù tí Màámi ti lọ̀, pẹ́ńsù àti rúlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi àti Rájù ń sáré kiri lẹ́yìn àwọn àpò ìrẹsì, súùtì kún ẹnu wa. Nígbà tí wọ́n sọ pé ó yá, ó dìde, ó ra ìṣáná rẹ̀, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló sáré. Ó bá géètì ní títì.

Ọjà Ìyá Rájù tà lọ́jọ́ náà bí ẹni ń há a fúnni. Ní ìrọ̀lẹ́, ó rí Bísí tó ń sunkún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì bi í léèrè. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó lulẹ̀ sórí àpò ìrẹsì, ó fi ọwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀. "Kí ló dé ẹ ò sọ fún mi? Ìyá Bísí, kí ló dé ẹ ò sọ?" Màámi ń wo ilẹ̀, ó ń ká etí ìró rẹ̀. Gbogbo wọn ní ìdánwò mìíràn ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún náà dé, ó sì kọjá, ìsọ̀ tí ọwọ́ Bísí ń ṣí ti pọ̀ sí i. Ọdún tó tún tẹ̀lé e, èmi ni wọ́n mú lọ ṣe ìdánwò. Mo tètè débẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára.

Ìyá Rájù mú Bísí wọ ṣọ́ọ̀bù, ó kọ́ ọ ní ọjà títà títí ó fi mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Nígbà tí mílì náà kógbá wọlé, wọ́n padà sí ìlú wọn. Rájù fún mi ní agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mi ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ láéláé. Ìyá Rájù kó gbogbo pákó ìpàtẹ rẹ̀ fún Bísí. Orí àwọn pákó yẹn ni ó ṣì ń to ọjà sí ní Mafolúkù títí di òní.

Èmi di olùkọ́ ní yunifásítì. Mo ti kọ àròkọ tó pọ̀ sínú ìwé ìròyìn láti fi àwọn tó gbà pé ọwọ́ ń ta ọjà ṣẹ̀sín, àwọn ènìyàn sì ti rẹ́rìn-ín. Ohun tí mi ò kọ síbẹ̀ ni pé mi ò wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi rí kí oòrùn tó kan àtàrí. Gbogbo ìgbà ni mo ń ní àwáwí: ìpàdé, kíláàsì, ọkọ̀. Ojú ń tì mí láti mú ọwọ́ tí kò dáa, tó sọ mí di ènìyàn, lọ síbi tí ọwọ́ tó dáa jókòó sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìsọlọ̀. Mo rí súùtì náà nínú fíríìjì, nínú páálí aláràbarà. Mo sọ fún Tóyìn pé, "Ọmọ mi, ọwọ́ mi ò dáa o. Mo ti ń sọ fún ẹ ṣáájú." Ó rẹ́rìn-ín: "Ọwọ́ ọlọ́wọ̀ bí tiyín, Dádì? Ẹ mú káàdì yín wá jàre." Ẹ̀rọ kọ káàdì náà. Ó tún kọ̀ ọ́. Tóyìn ní nẹ́tíwọ̀kì ni, èmi ní òjò Ìyá Ṣadé ni. Níkẹyìn mo kó owó bébà jáde, obìnrin aláṣọ ìyeyè náà sì gbà á, ó gbé e kan iwájú orí rẹ̀, ó di ojú rẹ̀ díẹ̀.

"Dádì, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú oòrùn o," Tóyìn ní. "Mílíìkì ni, ó máa bàjẹ́ kó tó di ọ̀sán."

Bí súùtì ṣe lé mi dé Mafolúkù láàárọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga onírọ̀rí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sórí àpótí. Mo dúró síta, mo na páálí náà wọlé láti ẹnu ọ̀nà bí ẹni ń bọ́ ẹran.

"Ọ̀mọ̀wé! Láàárọ̀? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Àǹtí mi. Mo kàn ní kí n kó èyí fún yín. Ṣé ẹ ti tajà?"

"Mi ò tíì ta nǹkan kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni, wọ́n wo orúnkún. Wọlé."

"Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kọ́kọ́ rajà."

Ó wò mí títí. Bàálù kan kọjá lókè orí wa, ó dúró kí ariwo rẹ̀ lọ. "O ṣì ń bẹ̀rù ọwọ́ ẹ? Ìwọ yìí, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ò ń kọ sínú ìwé ìròyìn? Wọlé jàre, wá ra ìṣáná."

Mo wọlé, mo ra ìṣáná. Ó gba owó náà, ó gbé e kan iwájú orí, ó sì fi gbá ọjà rẹ̀ kiri. Ó ṣí páálí, ó mú súùtì kan, ó dá a sí méjì, ó na ìdajì sí mi. Kò ronú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ló rántí fúnra rẹ̀.

"Súgà rẹ̀ pọ̀ jù," ó ní, ẹnu rẹ̀ kún. "Ti Ìyá Rájù kò dùn tó báyìí."

"Àǹtí mi, ọjọ́ ìdánwò yẹn..."

"Ìdánwò wo?" Kò wò mí. Ó ń ká bébà tó bo súùtì náà sí kékeré, sí kékeré. "Jẹ súùtì ẹ."

Mo jẹ ẹ́. Mo kí i, mo jáde. Ṣùgbọ́n mi ò lè lọ. Mo dúró sẹ́yìn òpó iná ní òdìkejì títì, mo ń wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà. Mílì bàbá mi ti di ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ìyá Ṣadé ti lọ, Màámi náà ti lọ, kò sì sọ ọ̀rọ̀ géètì yẹn rí títí ó fi kú. Àwọn ọmọ àdúgbò ń ra nǹkan lórí fóònù báyìí, níbi tí ọwọ́ kankan kò ti kan ọwọ́ kankan. Síbẹ̀, èmi nìyí, àgbà ọkùnrin, mò ń ka àwọn tó ń kọjá ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi tí wọn ò yà. Obìnrin kan kọjá. Àwọn ọmọ ilé ìwé kọjá. Mo wo ojú ọ̀run bóyá òjò ń bọ̀.

Mo pe awakọ̀ Márúwá kan tó ń dúró de èrò, mo kó owó lé e lọ́wọ́. "Jọ̀ọ́, bá mi ra ọṣẹ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ìwọ ni kó o mú ọṣẹ náà."

"Bàbá, ṣé kò sí wàhálà níbẹ̀?"

"Ọṣẹ lásán ni."

Ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó jáde. Ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì súùtì kan nínú bébà sì wà lọ́wọ́ kejì. Ó na bébà náà sí mi.

"Màmá yẹn ní ènì yín nìyí. Wọ́n ní kí n sọ fún àbúrò àwọn tó wà lẹ́yìn òpó iná pé kó máa lọ sílé ìwé, kó má pẹ́ o."

Ó wo orí pípá mi, ó wo ọkọ̀ mi, ó tún wo orí mi.

"Bàbá, ilé ìwé wo ni?"